Kí ẹ tó ra pọ́ǹpù epo tuntun sí mọ́tò àtijọ́ yẹn, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n wò

Mo ní mọ́tò kan nígbà kan, tí mo bá ti wà á tó bí ìṣẹ́jú 40 báyìí á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ẹni tí wọ́n dì nímú, á jẹ́ẹ̀kì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí, ó kú. Tí mo bá wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fúngbà díẹ̀ á tún sítáàtì bí ẹni pé òun kọ́ ló ṣe é. Gbogbo ẹni tó bá mi wò ó ló ní pọ́ǹpù epo ni, èmi náà sì gbà, mo ra tuntun, mo ṣí àga ẹ̀yìn, mo yọ ti tẹ́lẹ̀ jù nù, mo ki tuntun bọ tánkì, inú mi ń dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ó tún kú bó ṣe máa ń kú. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ yá mítà tí wọ́n fi ń wọ̀n iná, mo ki ẹnu ẹ̀ bọ ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, 9.1 fóltì ló kọ, bẹ́ẹ̀ orí bátìrì ń kọ ju 13 lọ. Mo wá ń tọ wáyà dúdú tó ti ara pọ́ǹpù jáde (wáyà bọ́dì ni wọ́n ń pè é) lọ díẹ̀díẹ̀, ó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó lọ parí sójú bóòtì kékeré kan tí wọ́n fi dè é mọ́ irin ara mọ́tò, bóòtì ọ̀hún ti dípẹtà, orí wáyà ti ní nǹkan àwọ̀ ewé lára, tí mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Mo fi sáńpépà ha á títí irin funfun fi yọ, mo dè é padà, ó tán. Pọ́ǹpù tí mo jù nù yẹn, nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mo ń pa làpálàpá.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa tò ó báyìí: ohun tí kò gba owó ló máa ṣíwájú, ríra pọ́ǹpù ló máa gbẹ̀yìn pátápátá.

Irú pọ́ǹpù wo lẹ ní?

Ẹ má fo ibí yìí o, torí nọ́ńbà tó dáa fún mọ́tò kan, òkú ni fún òmíì. Mọ́tò tó bá ń lo kábúrẹ́tọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) sábà máa ń ní pọ́ǹpù onírin tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, káńṣáàfù ló ń ti apá ẹ̀ sókè sódò, awọ rọ́bà kan wà nínú ẹ̀ tó ń fa epo wá látinú tánkì tó sì ń tì í sí kábúrẹ́tọ̀. Prẹ́ṣọ̀ ẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń ti epo, ò ju nǹkan bíi 4 sí 7 psi lọ (psi tí wọ́n fi ń wọ̀n afẹ́fẹ́ táyà náà ni). Èyí tó bá ń lo nọ́sù (ẹnu kékeré tó ń fín epo fún ẹ́ńjìnnì), pọ́ǹpù oníná ni, inú tánkì ni wọ́n sábà máa ń rì í sí, prẹ́ṣọ̀ tiẹ̀ á wà láàárín 35 sí 60 psi fún ọ̀pọ̀ mọ́tò. Àwọn kan tún wà láàárín méjèèjì, tí nọ́sù wọn jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì tó jókòó síbi tó yẹ kí kábúrẹ́tọ̀ wà, àwọn yẹn lè máà lò ju 9 sí 15 psi lọ. Àwọn mọ́tò Jámánì àtijọ́ tó ń lo K-Jetronic, ẹ̀rọ ìfín-epo ti Bosch, ń kọ́? Abẹ́ mọ́tò níta ni pọ́ǹpù wọn sábà máa ń wà, prẹ́ṣọ̀ wọn sì ju 4 bar lọ (bar 1 jẹ́ 14.5 psi). Nọ́ńbà mọ́tò tiyín gan-an wà nínú ìwé àtúnṣe ẹ̀, ẹ wá a kí ẹ tó mú géèjì dání, àwọn tí mo kọ yìí kàn jẹ́ kí ẹ mọ apá ibi tó yẹ kó wà ni.

Ohun tí mọ́tò á máa ṣe

Pọ́ǹpù oníná kì í sábà kú lójijì, ó máa ń ṣàìsàn kó tó kú. Láàárọ̀ á pẹ́ kó tó sítáàtì, sítátà á yí yí yí kó tó gbaná. Ẹ máa rí i pé nínú ìgboro níbi tẹ́ ẹ ti ń rìn jẹ́jẹ́ kò sí wàhálà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé òkè tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ sáré ju ọkọ̀ kan lọ, ẹ tẹná mọ́lẹ̀, mọ́tò ò dáhùn, ó ń fà sẹ́yìn, torí ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì ń béèrè epo púpọ̀ tí pọ́ǹpù ò sì rí i fún un. Àmì míì ni ìró: pọ́ǹpù tó bá ń gbó máa ń hanrùn láti ẹ̀yìn, ìró ẹ̀ á máa ga bí ti ẹ̀fọn létí, èyí tó sì burú jù ni tó bá ń hanrùn lónìí tó dákẹ́ lọ́la. Kó máa kú tó bá gbóná kó tún jí tó bá tutù, ìyẹn náà wà lára àmì.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Gbogbo àmì tí mo kà sílẹ̀ yẹn, nǹkan míì lè fà á. Fíltà epo tó ti dí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kátálíìsì (ohun tó ń fọ èéfín) tó ti dí nínú sílẹ́ńsà náà máa ń mú kí mọ́tò wúwo lórí òkè. Kí mọ́tò kú tó bá gbóná kó sì jí tó bá tutù, sénsọ̀ tó ń ka yíyí káránkì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, kọ́ìlì (tó ń ṣe iná púlọ́ọ̀gì) náà ò kẹ̀rẹ̀, rílé (swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù) tí sọ́ldà inú ẹ̀ ti là náà ń ṣe é, àwọn Honda àárín àwọn ọdún 1990 lọ sẹ́yìn ni àwọn mẹkáníìkì mọ̀ mọ́ ìyẹn jù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Tí mọ́tò yín bá ní sọ́kẹ́ẹ̀tì OBD-II (ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ tó ń ka àrùn mọ́tò bọ̀), bíi èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996, ẹ fi ẹ̀rọ kà á. Kóòdù P0171 túmọ̀ sí pé epo kéré sí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí epo ti kéré tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé, kò lè sọ ìyẹn fún yín. Ẹ má fi kóòdù ra pọ́ǹpù.

Àwọn tí ẹ máa wò láì tíì mú irinṣẹ́ kankan

Ṣé epo wà níbẹ̀? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Géèjì epo inú mọ́tò àtijọ́ máa ń purọ́, ó lè máa fi ìdajì hàn yín kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú tánkì. Ẹ da lítà 5 sí i kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ẹ ṣí ìdérí tánkì. Tó bá mí fúù bí ẹni tó ti ń sé èémí látàárọ̀, tí mọ́tò sì wá ń rìn dáadáa lẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣí i, ihò tí tánkì fi ń mí ló dí, pọ́ǹpù kàn ń bá tánkì jìjàkadì lásán ni.

Lẹ́yìn náà ẹ wá ibi tó dákẹ́, ẹ ní kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn láì sítáàtì, kí ẹ̀yin fi etí sẹ́nu ibi tí wọ́n ń da epo sí tàbí abẹ́ àga ẹ̀yìn. Fún ọ̀pọ̀ mọ́tò onínọ́sù ẹ máa gbọ́ ọ kó hun fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3 kó dákẹ́. Kó dákẹ́ yẹn kì í ṣe àrùn o, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, torí tó bá ṣe pé jàǹbá ṣẹlẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì sì ti kú, wọn ò fẹ́ kí pọ́ǹpù máa da epo síta. Àwọn àtijọ́ kan sì wà tí kò ní dún rárá àfi tí sítátà bá ń yí, kí ẹ má bàa dájọ́ fún un láìṣẹ̀.

Tó bá dún, iná ń dé ibẹ̀, èyí ò wá ní ó lágbára o. Tí ò bá dún, ẹ ò tíì lè sọ pé ó kú. Ẹ wo fíúsì ẹ̀, ẹ yọ ọ́ wò lójú kí ẹ tún fi mítà wọ̀n ọ́n, torí fíúsì míì á dà bíi pé ó dáa bẹ́ẹ̀ ó ti là níbi tójú ò ká. Tí fíúsì bá jó, tẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, tó tún jó, ẹ má fi èyí tó tóbi ju tiẹ̀ lọ síbẹ̀, iná lẹ ń pè yẹn. Ẹ wá rílé pọ́ǹpù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni rílé fèrè mọ́tò máa ń bá a dọ́gba, ẹ pààrọ̀ àwọn méjèèjì síra wọn; tí pọ́ǹpù bá dún tí fèrè wá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Tí mọ́tò yín bá jẹ́ Ford, ọ̀pọ̀ wọn ní swíìṣì kan tó máa ń gé iná pọ́ǹpù tí wọ́n bá kọlu mọ́tò, nínú búùtù tàbí níbi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú ni wọ́n sábà ń gbé e sí, bọ́tìnnì ló wà lórí ẹ̀, tó bá ti ta sókè ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nígbà míì, kí ẹnì kan ju ẹrù wúwo sínú búùtù ti tó láti ta á.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Tí ò bá dún, tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé iná ń dé ibẹ̀, ẹ ní kí ẹnì kan máa yí sítátà, kí ẹ̀yin fi ìkúùkù tàbí òòlù rọ́bà gbá ìsàlẹ̀ tánkì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má lo irin. Tó bá jí, èédú kékeré tó ń gbé iná fún mọ́tọ̀ (ohun tó ń yí) inú pọ́ǹpù ló ti jẹ tán, ìgbá tẹ́ ẹ gbá a yẹn ló mì ín tó fi rí ibi kàn. Ó máa gbé yín délé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé á tún gbé yín jáde.

Epo àbí iná púlọ́ọ̀gì?

Ẹ́ńjìnnì tó ń yí tí kò gbaná lè máa wá epo, ó sì lè máa wá iná. Ẹ fín sípírè ìsítáàtì díẹ̀, mo ní díẹ̀, sínú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ yẹra kúrò níwájú ẹ̀, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá gbaná fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì tó tún kú, iná púlọ́ọ̀gì wà, epo ni kò sí. Tí ò bá ṣe nǹkan kan rárá, ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀ ná kí ẹ lọ wo kọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti sénsọ̀ káránkì.

Kí ẹ tó tú ọ̀nà epo kankan

Mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan jóná nítorí ohun tí mo kọ. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, torí oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wà, tó bá wà nínú ilé á máa rìn nílẹ̀ títí á fi rí iná ibi kan. Kò sí sìgá, kò sí iná gílóòbù tó lè fọ́, tọ́ọ̀ṣì LED ni kẹ́ ẹ lò, kí ohun tí wọ́n fi ń pa iná wà nítòsí ọwọ́ yín kì í ṣe nínú búùtù. Ẹ wọ awò ojú. Kí ẹ́ńjìnnì tutù.

Ti onínọ́sù, prẹ́ṣọ̀ ṣì máa ń wà nínú ọ̀nà epo tí ẹ́ńjìnnì bá tiẹ̀ ti kú, tẹ́ ẹ bá kàn tú u á fín yín lójú. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù, á lo epo tó kù tán á kú fúnra ẹ̀, ẹ yí sítátà fún ìgbà díẹ̀ sí i, ẹ wá tú orí òdì bátìrì (ibi tó ní àmì ìyọkúrò). Tí ẹ́ńjìnnì ò bá gbaná rárá, ẹ fi àkísà tó nípọn bo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ tú, kí ẹ tú u díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dè é padà tán, ẹ wò ó dáadáa bóyá ó ń jò kí ẹ tó sítáàtì.

Mítà

Ibí ni èmi ti kọ́gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀.

Àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n fa sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù yọ, kí wọ́n ti ẹnu mítà bọ inú ẹ̀, kí wọ́n rí 12 fóltì kí wọ́n ní "iná wà, pọ́ǹpù ló kú." Rárá o. Wáyà tó kù fọ́nrán kan ṣoṣo nínú ẹ̀ á fi 12 hàn yín nígbà tí kò sí ẹni tó ń fa nǹkan kan lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́, kí ẹ ti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ki abẹ́rẹ́ mítà bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ fi kàn irin inú ẹ̀. Iná tó ń dé pọ́ǹpù kò gbọ́dọ̀ fi ju nǹkan bíi ààbọ̀ fóltì dín sí ti orí bátìrì.

Tó bá dín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní láti mọ ẹ̀gbẹ́ tó ń jẹ ẹ́. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí bátìrì níbi tó ní àmì ìròpọ̀, ẹnu kejì sí wáyà tó ń gbé iná wọ pọ́ǹpù, ẹ máa nílò wáyà gígùn kó tó lè dé ẹ̀yìn. Ohun tó bá kọ ni iye tó sọnù lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹnu kan sórí òdì bátìrì, ìkejì sí wáyà bọ́dì pọ́ǹpù. Níbí yìí, kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Tó bá kọ 2 tàbí 3, ẹ máa tọ wáyà yẹn lọ bí mo ṣe tọ tèmi lọ, ibi tó bá gbóná sí ọwọ́ yín ló wà. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò lójú: tí ike ẹ̀ bá ti yọ́ tàbí tó ti ní àwọ̀ kọfí yí irin ká, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ki pọ́ǹpù tuntun bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jó, òun náà á jó.

Ohun kan kí ẹ ṣọ́ra fún: àwọn mọ́tò kan wà, pàápàá àwọn Toyota kan, tó mọ̀ọ́mọ̀ dín iná pọ́ǹpù kù tí ẹ́ńjìnnì bá wà lójú kan, kó má bàa pariwo kó sì pẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí 9 fóltì níbẹ̀ ẹ tẹná díẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá á gòkè, kí ẹ sì ka ìwé mọ́tò náà.

Tí kò bá sí iná kankan tó dé ibẹ̀, ẹ padà sí rílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń ní nọ́ńbà: 30 ni iná ti ń wọlé láti bátìrì, 87 ló ń gbé e lọ sí pọ́ǹpù, 85 àti 86 ló ń pàṣẹ fún un. Ẹ yọ rílé, ẹ wọ̀n ojú 30, iná gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wá fi wáyà kékeré tó ní fíúsì áńpù 15 lára so 30 mọ́ 87. Tí pọ́ǹpù bá dún, òun àti wáyà ẹ̀ wà láàyè, rílé tàbí ẹni tó ń pàṣẹ fún rílé lẹ ń wá. Tí ò bá dún, tí iná sì dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn dáadáa tí bọ́dì náà sì dáa, ó ti kú, ẹ lè sọ ọ́ wàyí láì bẹ̀rù.

Géèjì prẹ́ṣọ̀

Èyí tó ń dún tí kò lágbára ló ń da ènìyàn láàmú jù, géèjì ló sì ń tú àṣírí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò onínọ́sù ní ẹnu kan lórí páìpù tó ń pín epo fún àwọn nọ́sù, ó dà bí ẹnu táyà gẹ́lẹ́, ibẹ̀ lẹ máa so géèjì mọ́. Tí tiyín ò bá ní in, ẹ máa gé ojú họ́ọ̀sì kan kí ẹ fi irin ẹlẹ́nu mẹ́ta tó rí bíi T so ó sáàárín.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, prẹ́ṣọ̀ á gòkè kíá. Ẹ sítáàtì, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Tí régúlétọ̀ yín (ohun tó ń di prẹ́ṣọ̀ mú kó má ga jù) bá ní họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí mànìfóòdù (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), ẹ fa họ́ọ̀sì yẹn yọ, prẹ́ṣọ̀ gbọ́dọ̀ fò sókè ní nǹkan bíi 8 sí 10 psi. Ẹ gbóòórùn inú họ́ọ̀sì yẹn náà: tí epo bá wà nínú ẹ̀, awọ inú régúlétọ̀ ti ya, òun ló ń da epo ẹ́ńjìnnì rú, kì í ṣe pọ́ǹpù.

Tí prẹ́ṣọ̀ bá kéré, ẹ má tíì dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Ẹ fi púláyà tẹ́ ẹ fi àkísà wé lẹ́nu fún họ́ọ̀sì tó ń dá epo padà sí tánkì pọ̀ kí epo má lè kọjá, fún ìṣẹ́jú àáyá péré, tó bá jẹ́ rọ́bà ni o, ẹ ò gbọ́dọ̀ fún páìpù irin tàbí ike. Tí géèjì bá fò sókè gan-an, pọ́ǹpù ní agbára, régúlétọ̀ ló ń jẹ́ kó sá padà. Tí kò bá mira, ó wá ku fíltà àti pọ́ǹpù. Fíltà ò wọ́n, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ná, kẹ́ ẹ da epo inú ti àtijọ́ láti ẹ̀yìn ẹ̀ sínú ìkòkò funfun. Tó bá dúdú tàbí tó ní ẹrẹ̀ pupa, tánkì yín ti ń jẹ ìpẹtà.

Ẹ wá pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ máa wo géèjì fún ìṣẹ́jú 5. Ó lè sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Tó bá ya lọ sí òdo kíá, ìyẹn ló ń mú kí sítátà máa yí pẹ́ láàárọ̀. Ẹ gbé prẹ́ṣọ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ fún họ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti tánkì: tó bá dúró báyìí, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń di epo mú nínú pọ́ǹpù ló ti bàjẹ́. Ẹ fún ti ìpadà: tó bá dúró, régúlétọ̀ ni. Tí kò bá dúró fún èyíkéyìí, nọ́sù kan ló ń kán sínú ẹ́ńjìnnì.

Prẹ́ṣọ̀ nìkan ò sì tó. Pọ́ǹpù tó ti rẹ̀ lè fi prẹ́ṣọ̀ tó dáa hàn yín nígbà tí mọ́tò wà lójú kan, torí epo tí ẹ́ńjìnnì ń lò nígbà yẹn kéré. Ẹ so họ́ọ̀sì kan látojú ìpadà epo sínú kẹ̀ẹ̀gì tó ní àmì lítà, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Fún ọ̀pọ̀ onínọ́sù, tí kò bá pé ìdajì lítà, ó ti rẹ̀ ẹ́ tàbí nǹkan dí i.

Tó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà ló ti ń kú, tó bá sì délé á máa ṣe dáadáa lójú mẹkáníìkì (gbogbo wa la mọ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀), ẹ wá géèjì tó ní họ́ọ̀sì gígùn, ẹ gbé e gba abẹ́ báńẹ́ẹ̀tì jáde, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú látìta, kẹ́ ẹ rí i pé báńẹ́ẹ̀tì ò há họ́ọ̀sì. Ẹ ò gbọ́dọ̀ mú un wọ inú mọ́tò láéláé. Kí ẹlòmíì máa wà á kí ẹ̀yin máa wo géèjì. Tó bá ti ń fà lórí òkè tí géèjì náà ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀nà epo ni. Tó bá kú tí géèjì dúró digbí síbi tó wà, ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ wá sénsọ̀ káránkì.

Iye áńpù tó ń fà

Ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù, ẹ so mítà sójú méjèèjì ẹ̀ (ẹ yí mítà sójú áńpù 10, kẹ́ ẹ sì gbé wáyà pupa rẹ̀ lọ sí ihò áńpù, àìṣe bẹ́ẹ̀ ẹ máa jó fíúsì mítà). Pọ́ǹpù onínọ́sù tó lera sábà máa ń fa nǹkan bí áńpù 4 sí 8. Tó bá ga jù, ó ń tiraka: fíltà dí, tàbí mọ́tọ̀ inú ẹ̀ ti ń há. Tó bá kéré jù, wáyà tàbí èédú inú ẹ̀ ò gbé iná dáadáa, tàbí kó jẹ́ pé kò rí epo fà. Ẹ fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí géèjì sọ, áńpù nìkan ò lè dájọ́.

Ti kábúrẹ́tọ̀

Pọ́ǹpù onírin rọrùn, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju oníná lọ. Ẹ kọ́kọ́ fa géèjì ọ́ìlì yọ, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ń rùn epo tó sì ṣàn bí omi, tí ìwọ̀n ọ́ìlì sì ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, awọ pọ́ǹpù lè ti ya kó máa da epo sínú ọ́ìlì, ẹ má sítáàtì ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́ títí ẹ fi pààrọ̀ ẹ̀ àti ọ́ìlì. Ihò kékeré kan máa ń wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí epo bá ń kán níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ tú họ́ọ̀sì tó wọ kábúrẹ́tọ̀, ẹ ki í bọ ìgò, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má bàa ta, kẹ́ ẹ yí sítátà. Epo gbọ́dọ̀ máa já jáde ní ìgbà-dé-ìgbà pẹ̀lú agbára, bí ìlù ọkàn. Tó bá ń kán tó-tó-tó, ẹ má tíì yọ ọ́: ẹ mú họ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti tánkì kúrò lẹ́nu ẹ̀, ẹ fi họ́ọ̀sì tuntun kúkurú sí i tó wọ inú kẹ̀ẹ̀gì epo mímọ́, kẹ́ ẹ tún yí sítátà. Tó bá wá ń já dáadáa, pọ́ǹpù yín yè, ọ̀nà tó wá láti tánkì ló dí tàbí rọ́bà kan ló là tó ń fa afẹ́fẹ́. Rọ́bà tó là bẹ́ẹ̀ lè má jo epo síta rárá, afẹ́fẹ́ ló ń fà wọlé, ìdí nìyẹn tójú ò fi ń rí i.

Tó bá jẹ́ inú oòrùn ló ti ń kú, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dúró nínú gòslóò, ó lè jẹ́ pé epo ń hó nínú páìpù tó kọjá nítòsí ibi tó gbóná, oru ló wá ń wọ pọ́ǹpù dípò epo. Ẹ da omi tútù sí pọ́ǹpù àti páìpù yẹn, ẹ yẹra fún sílẹ́ńsà, tó bá jí lójú ẹsẹ̀ ẹ ti mọ̀ ọ́n. Páìpù ni kẹ́ ẹ gbé jìnnà sí ooru.

Tó bá wá jẹ́ òun lóòótọ́

Ẹ wo inú tánkì kí ẹ tó ki tuntun bọ̀ ọ́. Àsẹ́ kékeré kan wà lẹ́nu pọ́ǹpù tó ń fa epo, tó bá ti dúdú tó sì ti le, ẹrẹ̀ inú tánkì ló pa ti àkọ́kọ́, á sì pa ìkejì tẹ́ ẹ ò bá fọ tánkì. Ẹ fi àsẹ́ tuntun sí i, fíltà tuntun, rọ́bà ìdè ẹnu tánkì tuntun, torí èyí àtijọ́ ti wú, kò ní padà sójú ẹ̀. Epo tó yí pọ́ǹpù ká ló ń tù ú lára, ẹni tó bá ń fi iná pupa géèjì rìn lójoojúmọ́, gbígbóná ni pọ́ǹpù ẹ̀ ń gbóná.

Kẹ́ ẹ tó dá àga ẹ̀yìn padà, ẹ sítáàtì, ẹ ki mítà bọ ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ kọ fóltì àti prẹ́ṣọ̀ tẹ́ ẹ rí sórí bébà pẹ̀lú déètì ọjọ́ náà. Tèmi wà lábẹ́ ìdérí àpótí fíúsì, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: 13.4 fóltì, 41 psi.